Ìpàdé Àkọ́kọ́ Pẹ̀lú Agbaninímọ̀ràn Tuntun: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Fẹ́ Bẹ̀rẹ̀ Ìtọ́jú Ọkàn ní Èkìtì

Nígbà tí ìdààmú bá dé bá ènìyàn ní ilẹ̀ wa, àgbà ilé, pásítọ̀, ìyá ìjọ, àfáà tàbí ọ̀rẹ́ àtìgbà èwe ni a máa ń kọ́kọ́ tọ̀ lọ, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí ènìyàn kò lè sọ fún ẹni tí wọn yóò tún jọ jókòó níbi ìnáwó lọ́jọ́ Sátidé. Àwọn ìdààmú kan sì wà tí ìtùnú àti àdúrà ti ń bá fà á fún ọ̀pọ̀ oṣù tí wọn kò kúrò: oorun tí kò wá, àyà tí ń já láìnídìí, ẹkún tí ń dédé wá, ọtí tí ń pọ̀ sí i lálaalẹ́. Irú ìwọ̀nyí ni iṣẹ́ agbaninímọ̀ràn, ẹni tí ọ̀pọ̀ ń pè ní káńsẹ́lọ̀, wà fún. Ẹni tó ti pinnu láti lọ, ṣùgbọ́n tí kò mọ ohun tí yóò bá níbẹ̀, ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún. Ohun tí mo fẹ́ kí ó fi sọ́kàn ni pé kì í ṣe agbaninímọ̀ràn nìkan ló ń yẹ ènìyàn wò ní ìpàdé àkọ́kọ́. Ẹni tó wá gba ìtọ́jú náà ń yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè ìbéèrè kí ó tó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ẹni tí ẹ ń lọ bá

Dókítà ọpọlọ kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn kí ó tó yà sí ẹ̀ka ti ọpọlọ, nítorí náà ó lè kọ oògùn fún yín. Onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá, ìyẹn saikọ́lọ́jíìsì, kì í kọ oògùn. Ọ̀rọ̀ sísọ, ìdánwò lórí ìwé àti ìdánrawò ni ó fi ń ṣiṣẹ́. Agbaninímọ̀ràn kọ́ iṣẹ́ tirẹ̀ ní yunifásítì, àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ àti yíyan iṣẹ́ fún àwọn ọmọ ilé ìwé ni wọ́n mọ̀ jù. Ó yẹ kí ẹ béèrè ibi tí ẹni náà ti kẹ́kọ̀ọ́ àti irú ìṣòro tó sábà máa ń bójú tó, nítorí pé orúkọ tí wọ́n kọ sára pátákó nìkan kò tó ẹ̀rí. Bíbéèrè bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àfojúdi, ẹni tó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú sí i.

Ní Èkìtì, ilé ìwòsàn ńlá méjì tí ènìyàn lè kọ́kọ́ ronú kàn ni ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti yunifásítì ìpínlẹ̀ tó wà ní Adó, àti ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìdó-Èkìtì. Àwọn méjèèjì ní ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí orúkọ ẹ̀ka yẹn dẹ́rù bà yín, nítorí pé ẹni tí kò rí oorun sùn láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú ń lọ síbẹ̀, kì í ṣe ẹni tó ń rìn ìhòòhò lójú títì nìkan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Adó, ní Ọ̀yẹ́ àti ní Ìkọ̀lé lè béèrè ẹ̀ka ìgbaninímọ̀ràn yunifásítì wọn lọ́wọ́ ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Fún ẹni tí wọ́n fipá bá lò pọ̀, Moremi Clinic ní Adó ni kí ó kọ́kọ́ lọ, nítorí pé ìtọ́jú ara náà ṣe pàtàkì níbẹ̀, kò sì yẹ kí ó pẹ́.

Ẹni tí ó bá ń ronú láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún un. Kí ó sọ fún ẹnì kan tó fọkàn tán, kí onítọ̀hún bá a gbé ohunkóhun tí ó lè fi pa ara rẹ̀ lára kúrò nítòsí, kí wọ́n sì jọ lọ sí ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì ní ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ìmọ̀ràn mìíràn tí àwọn ènìyàn máa ń fò ni pé kí wọ́n yẹ ara wò kí ìjíròrò tó bẹ̀rẹ̀, tàbí ní àkókò kan náà. Ẹ̀jẹ̀ tí kò tó, àti ẹṣẹ́ ọrùn tí wọ́n ń pè ní táírọ́ìdì tí kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa lè mú kí ó rẹ ènìyàn, kí àyà máa já, kí inú sì máa bàjẹ́ láìsí ìdí tó hàn.

Ìmúrasílẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà

Ẹ pe fóònù, tàbí kí ẹ rán ẹni tí ẹ fọkàn tán lọ, láti mọ iye tí wọ́n ń gbà. Ní ilé ìwòsàn, owó káàdì àti owó rírí dókítà lè yàtọ̀ síra, nítorí náà ẹ bèèrè méjèèjì. Ẹ bèèrè bóyá iye náà kan ìpàdé kan tàbí ọ̀pọ̀, àti bóyá wọ́n máa ń gba owó bí ẹ kò bá lè wá lọ́jọ́ tí ẹ dá. Ẹni tó wà ní Òmùò tàbí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè yóò fi owó ọkọ̀ kún ìṣirò rẹ̀ dáadáa, kí ó sì bèèrè bóyá wọ́n lè máa ṣe àwọn ìpàdé kan lórí fóònù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ríra lójúkojú. Ọ̀pọ̀ ìtọ́jú ni kò parí nítorí owó ọkọ̀, kì í ṣe nítorí pé ọ̀rọ̀ tán.

Ẹ mú ojú ìwé kan, kí ẹ kọ ohun tó ń ṣe yín sí i, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ohun tó ń mú un pọ̀ sí i àti ohun tó ń dín in kù. Ẹ kọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò, ẹ má sì yọ àgbo, ẹ̀kọ oògùn tàbí egbòogi inú ìgò kúrò. Àwọn kan máa ń fi èyí pamọ́ nítorí wọ́n rò pé dókítà yóò bá wọn jà, bẹ́ẹ̀ ni egbòogi mìíràn lè bá oògùn tí wọ́n fẹ́ kọ jà nínú ara. Ìwé yìí kò ní jẹ́ kí ẹ gbàgbé ọ̀rọ̀ pàtàkì nígbà tí ojora bá mú yín, ẹ sì lè nà án sí agbaninímọ̀ràn bí ẹnu bá kọ̀ láti sọ ọ́.

Ní ọjọ́ tí ẹ bá dé ibẹ̀

Ní ilé ìwòsàn ìjọba, ẹ máa retí ìdúró pípẹ́. Ẹ ó gba káàdì, wọn yóò wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín, wọn yóò sì bi yín ní orúkọ, ọjọ́ orí, iṣẹ́, ẹ̀sìn àti ẹni tí wọ́n lè pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà níbẹ̀ ni wọn yóò pè, nítorí náà ẹ fi ara balẹ̀ yan án. Kò pọn dandan kí ó jẹ́ ẹ̀gbọ́n yín tí kò lè pa ẹnu mọ́.

Nítorí pé ilé ìwòsàn ìkọ́ni ni àwọn méjèèjì tí mo dárúkọ, ó ṣeé ṣe kí àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn wà nínú yàrá. Wọ́n gbọ́dọ̀ bèèrè lọ́wọ́ yín kí wọ́n tó jókòó. Ẹ lè sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, dókítà, mo fẹ́ kí ó jẹ́ èmi àti ẹ̀yin nìkan,” kò sì yẹ kí èyí dín ìtọ́jú yín kù rárá.

Ẹ lè mú ẹnì kan dání. Kò sí ìtìjú níbẹ̀, ó sì bá ìṣe wa mu. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adeoye Lambo, tó jẹ́ dókítà ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé ní Àrò, Abẹ́òkúta, ní 1954, ẹbí aláìsàn máa ń bá a gbé inú abúlé níbẹ̀ ní àkókò ìtọ́jú, ètò náà sì di mímọ̀ kárí ayé. Àmọ́, ẹ jẹ́ kí ẹni tó bá yín wá jókòó síta fún apá kan ìpàdé náà ó kéré tán, nítorí pé àwọn ọ̀rọ̀ kan kì í jáde níwájú ẹni tó mọ̀ wá láti kékeré.

Ọ̀rọ̀ àṣírí: ibi tí ó yẹ kí ẹ dúró sí pẹ́ jù lọ

Mo ti gbọ́ kí àwọn ènìyàn sọ pé àwọn kò lè lọ sọ́dọ̀ agbaninímọ̀ràn ní Adó nítorí pé “gbogbo wa la mọ ara wa.” Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Bí ẹ bá jókòó tán, ó ṣeé ṣe kí ìbéèrè kejì tí agbaninímọ̀ràn yóò bi yín jẹ́ ìlú tí ẹ ti wá, kí ẹ̀kẹta sì jẹ́ agboolé yín, kí ó tó di ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ ti lè rí i pé ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fẹ́ àbúrò yín. Bí ó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ẹ sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Agbaninímọ̀ràn tó mọ iṣẹ́ kì í ṣètọ́jú ìbátan tàbí ẹni tí wọ́n jọ ń ṣòwò; ó yẹ kí ó fi yín mọ ẹlòmíràn láìjẹ́ pé ẹ bẹ̀ ẹ́.

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò fúnra rẹ̀ dá ọ̀rọ̀ àṣírí sílẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bi yín léèrè ohunkóhun tó jinlẹ̀. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin ni kí ẹ bèèrè. Òfin wà lẹ́yìn yín. Òfin ètò ìlera orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti 2014, ní ìpín 26, sọ pé àṣírí ni gbogbo ohun tó jẹ mọ́ ìlera ẹni àti ìtọ́jú tó gbà, ó sì ka ìgbà tí wọ́n lè sọ ọ́: bí ẹni náà bá fọwọ́ sí i lórí ìwé, bí ilé ẹjọ́ tàbí òfin bá pàṣẹ, bí ó bá jẹ́ ọmọdé tí òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ̀ bèèrè, bí ẹni náà kò bá lè fọwọ́ sí nǹkan fúnra rẹ̀ tí aṣojú rẹ̀ sì bèèrè, tàbí bí fífi í pamọ́ bá lè kó àwùjọ sínú ewu ńlá. Yàtọ̀ sí èyí, òfin ìlera ọpọlọ tuntun tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2023 gbapò òfin àtijọ́ tó ti wà láti 1958, èyí tí ó jẹ́ pé fífi aláìsàn sí àhámọ́ ló jẹ ẹ́ lógún ju ẹ̀tọ́ aláìsàn lọ.

Lẹ́nu iṣẹ́, agbaninímọ̀ràn yóò sọ fún yín pé bí ẹ bá fẹ́ pa ara yín tàbí ẹlòmíràn lára, tàbí bí wọ́n bá ń fìyà jẹ ọmọdé, òun kò lè pa ọ̀rọ̀ náà mọ́. Ẹ ní kí ó ṣàlàyé ẹni tí yóò pè àti ohun tí yóò sọ gan-an. Bí ẹnì kan bá ṣèlérí pé òun kò ní sọ ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni láéláé, ohun yòówù tí ì báà jẹ́, yálà kò mọ iṣẹ́ náà tàbí ó ń tàn yín.

Àwọn ìbéèrè tí ìwé òfin kò dáhùn tún wà, àwọn ni mo sì kà sí pàtàkì jù ní ìlú bíi tiwa. Ẹ béèrè ibi tí wọ́n ń tọ́jú ìwé yín sí àti ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀. Ẹ béèrè bóyá fáìlì yín yóò wà pẹ̀lú ti àwọn aláìsàn yòókù níbi tí òṣìṣẹ́ èyíkéyìí ti lè kà á. Ẹ béèrè bóyá ó máa ń bá ọ̀gá tàbí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jíròrò nípa àwọn tó ń tọ́jú, èyí tí kò burú níwọ̀n bí kò bá ti dárúkọ yín. Bí WhatsApp ni ẹ ó máa fi kàn síra, ẹ mọ ẹni mìíràn tó ń lo fóònù náà. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í pé: “Bí a bá pàdé ní Ọjà Ọba tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́?” Ìdáhùn tí mo fẹ́ràn ni pé òun kò ní kọ́kọ́ kí yín, bí ẹ̀yin bá kí òun, òun yóò dáhùn, kò sì ní dá ọ̀rọ̀ ìtọ́jú sílẹ̀. Níbi tí àìkíni ti jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ńlá, ó dára kí ẹ ti jọ fẹnu kò sí i, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé wọ́n ń ṣe òun ní ìgbéraga.

Àwọn ìbéèrè tí wọn yóò bi yín

Ìpàdé kan sábà máa ń gba ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí kan. Ti àkọ́kọ́ lè gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìbéèrè ló sì máa ń kún inú rẹ̀: ohun tó gbé yín wá, oorun, oúnjẹ, iṣẹ́, ìgbéyàwó, ọtí àti igbó, àìsàn tó wà nínú ẹbí, ìgbà èwe yín. Ẹ má retí pé ìṣòro náà yóò yanjú lọ́jọ́ yẹn.

Wọ́n lè fún yín ní ìwé ìbéèrè. Ọ̀kan tó gbajúmọ̀ ni PHQ-9, èyí tí wọ́n fi ń wo bí ìsoríkọ́ ṣe pọ̀ tó, tó ní ìbéèrè 9 nípa ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá, tí máàkì rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 27. Àwọn olùwádìí ọmọ Nàìjíríà dán an wò láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì wa, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2006. Máàkì tó pọ̀ kì í ṣe ìdájọ́; ó kàn ń fi bí nǹkan ṣe wúwo tó hàn ni, kí wọ́n lè fi wé ti oṣù tó ń bọ̀. Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn nínú rẹ̀ dá lórí ìrònú ikú tàbí pípa ara ẹni lára, ó sì máa ń bí àwọn kan nínú pé wọ́n lè bi àwọn ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Gbogbo aláìsàn ni wọ́n ń bi í. Bíbéèrè rẹ̀ kì í fi èrò náà sí ènìyàn lọ́kàn.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ ẹnu yín sọ ohun tó ń ṣe yín. Bí ó bá jẹ́ pé orí yín ló ń gbóná, tàbí pé nǹkan ń rìn lágbárí yín, tàbí pé ọkàn yín kò balẹ̀, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kí ẹ wí, ì báà jẹ́ ní ẹ̀ka èdè Èkìtì. Àwọn oníṣègùn ọmọ Yorùbá mọ irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, ó sì ń tọ́ wọn sọ́nà ju Gẹ̀ẹ́sì tí a há sórí láti inú íntánẹ́ẹ̀tì lọ. Bí ẹ bá rò pé ẹnì kan ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, pé wọ́n ṣe yín ni, ẹ sọ ìyẹn náà. Agbaninímọ̀ràn kò ní láti gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó mọ̀ pé ẹ̀rù rẹ̀ ń bà yín.

Kò pọn dandan kí ẹ sọ ohun gbogbo. “N kò tíì fẹ́ dé orí ìyẹn” jẹ́ ìdáhùn tó pé.

Ọjọ́ orí àti ọ̀wọ̀

Ọ̀rọ̀ yìí kì í sí nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n kọ ní ilẹ̀ òkèèrè, àmọ́ ó ti ba ìtọ́jú púpọ̀ jẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ọmọdé tó wà níwájú agbaninímọ̀ràn àgbà yóò máa dáhùn “bẹ́ẹ̀ ni, sà” sí gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ, títí kan èyí tí kò rí bẹ́ẹ̀ lọ́kàn rẹ̀, yóò sì lọ sílé láìpadà wá mọ́. Bí ẹ bá wà ní ipò yìí, ẹ fi ọ̀wọ̀ ṣí ọ̀nà, kí ẹ sì sọ òótọ́: “Ẹ má bínú, sà, mo gbọ́ ohun tí ẹ wí, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ lára mi.” Bí ó bá fi ìbínú dáhùn, tàbí tó rán yín létí pé ẹgbẹ́ bàbá yín ni òun, ẹ ti mọ ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀ nípa rẹ̀.

Ní ọwọ́ kejì, olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì lè bá ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó lè jẹ́ ọmọ rẹ̀ pàdé nínú yàrá náà. Ọmọ náà yóò kúnlẹ̀ kí i, yóò máa pè é ní Dádì, ojú yóò sì máa tì í láti bèèrè nípa ọtí tàbí ìbálòpọ̀. Àgbà ló lè tú okùn náà, bí ó bá sọ pé: “Ọmọ mi, bi mí ní gbogbo ohun tí iṣẹ́ rẹ bá ní kí o bi mí.” Bí ó bá jẹ́ pé ẹ kò lè sọ ọ̀rọ̀ kan fún obìnrin, tàbí fún ọkùnrin, ẹ sọ ọ́ nígbà tí ẹ ń dá ọjọ́, kí wọ́n lè wá ẹni tó bá yín mu.

Ní ti ẹ̀sìn, agbaninímọ̀ràn lè bèèrè nípa ìgbàgbọ́ yín, nítorí ó jẹ́ apá kan ìgbésí ayé yín. Kò yẹ kí ó sọ yàrá náà di ibi ìwàásù. Bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí ó ní kí ẹ fi àdúrà sílẹ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ bá kúrò níbẹ̀

Ara àwọn kan máa ń fúyẹ́, àwọn mìíràn máa ń sunkún délé, ó sì lè rẹ ènìyàn bí ẹni tó roko. Ọjọ́ kan tàbí méjì ni ó sábà fi ń rọlẹ̀. Ẹ má fi ìpàdé náà sí ọjọ́ tí ẹ ó lọ ṣe ìdánwò tàbí tí ẹ ó gba àlejò, bí ẹ bá lè yẹra fún un. Bí ẹnikẹ́ni bá bèèrè ibi tí ẹ lọ, “Mo lọ rí dókítà” ti tó.

Ìpàdé kejì dé ìkẹrin

Ní 1979, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Edward Bordin kọ̀wé pé ohun mẹ́ta ló so agbaninímọ̀ràn àti ẹni tó ń tọ́jú pọ̀: kí wọ́n fẹnu kò lórí ibi tí wọ́n ń lọ, kí wọ́n fẹnu kò lórí iṣẹ́ tí wọn yóò ṣe láti débẹ̀, kí ìfọkàntán sì wà láàárín wọn. Mo rò pé òun ni òṣùwọ̀n tó dára jù fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Tó bá di ìpàdé kẹta tàbí ìkẹrin, ó yẹ kí ẹ lè fi ẹnu ara yín sọ ohun tí ẹ jọ ń lé. “Kí ara mi yá” kò tó. “Kí n lè máa sùn wákàtí mẹ́fà,” tàbí “kí n lè wọ ilé bàbá mi láìbá ẹnikẹ́ni jà” ni irú èyí tí ẹ lè mọ̀ bóyá ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́.

Irú iṣẹ́ náà yàtọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ẹlòmíràn. Nínú ọ̀nà tí dókítà ọpọlọ kan, Aaron Beck, bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1960, èyí tó dá lórí ìrònú àti ìṣe, wọn yóò fún yín ní iṣẹ́ ṣe nílé: ẹ lè máa kọ èrò tó wọ̀ yín lọ́kàn nígbà tí inú yín bàjẹ́, kí ẹ sì wo ẹ̀rí tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí òǹtajà kan ní Ìkẹ́rẹ́ bá kọ ọ́ pé “gbogbo oníbàárà mi ló ti kórìíra mi,” wọn yóò ní kí ó ka iye àwọn tó wá rajà ní ọ̀sẹ̀ náà. Ìpàdé bíi 6 sí 20 ni ọ̀nà yìí sábà máa ń gbà. Àwọn ọ̀nà mìíràn wà tí kò ní iṣẹ́ àṣetiléwá, tí agbaninímọ̀ràn yóò máa gbọ́ ju kí ó máa sọ lọ, èyí sì lè ya ẹni tó rò pé ìmọ̀ràn ni òun wá gbà lẹ́nu. Ẹ bèèrè èyí tí ó ń lò àti ìdí tó fi yàn án.

Bí kò bá lọ dáadáa

Ẹ kọ́kọ́ sọ fún un. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé agbaninímọ̀ràn kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òun dun ẹni, bí wọ́n bá sì sọ ọ́, iṣẹ́ máa ń tẹ̀ síwájú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan kan wà tí kò yẹ kí ẹ dúró jíròrò lé lórí. Bí ó bá fọwọ́ kàn yín ní ọ̀nà tí kò tọ́ tàbí tó bá yín sọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́, bí ó bá yá owó lọ́wọ́ yín, bí ó bá ń ta ọjà fún yín, tàbí bí ó bá ń sọ ìtàn àwọn aláìsàn mìíràn tí ẹ sì lè dá wọn mọ̀, ẹ dìde, ẹ má padà síbẹ̀. Ẹ lè fi ẹjọ́ náà sun àwọn aláṣẹ ilé ìwòsàn tàbí ilé ẹ̀kọ́ tó gbà á síṣẹ́. Ẹni tó bá ń sọ àṣírí ẹlòmíràn létí yín yóò sọ tiyín létí ẹlòmíràn.

Fún ẹni tó ti ní agbaninímọ̀ràn tẹ́lẹ̀

Àwọn oníṣègùn ń jápá, àgùnbánirọ̀ ń parí iṣẹ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kó lọ síbòmíràn. Bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ ó yí ọwọ́ padà, ẹ ní kí ẹni àkọ́kọ́ kọ lẹ́tà kan fún yín: ohun tó rí, oògùn àti ìwọ̀n rẹ̀, ohun tó ṣiṣẹ́ àti èyí tí kò ṣiṣẹ́. Ẹ ka lẹ́tà náà kí ẹ tó gbé e lọ. Ẹ má dá oògùn dúró lójijì láàárín agbaninímọ̀ràn méjì; ẹ béèrè èyí tó máa tó yín lò títí ẹ ó fi rí dókítà tuntun. Ẹni tuntun yóò tún bi yín ní ohun tí ẹ ti sọ tẹ́lẹ̀, ó sì lè sú yín. Ẹ lè sọ fún un pé kí ó kọ́kọ́ ka lẹ́tà, kí ẹ sì wá yan apá tí ẹ fẹ́ fi ẹnu ara yín tún sọ.